Sáyẹ́ǹsì òde òní àti àṣà ìbílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ṣáínà

Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àríyànjiyàn ti wà ní ilẹ̀ Ṣáínà lórí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣe mọ sáyẹ́ǹsì òde òní láì di àjèjì sí àṣà baba rẹ̀. Ìlànà tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí ẹ̀kọ́ Ṣáínà jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ti òyìnbó jẹ́ irinṣẹ́. Zhang Zhidong, ìjòyè ńlá lábẹ́ ìjọba Qing (ìdílé ọba tó jẹ gbẹ̀yìn ní Ṣáínà), ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn nítorí ìwé tó kọ ní 1898, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti ń sọ irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Tongwen Guan àti Li Shanlan

Ní 1862 ni wọ́n dá Tongwen Guan, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, sílẹ̀ ní Beijing láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní èdè òkèèrè. Nígbà tí Ọmọba Gong, tó ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba, fẹ́ fi ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ kún un, Woren, àgbà ọ̀mọ̀wé ẹ̀kọ́ Confucius, kọ̀wé sí ààfin ní 1867 pé ìwà ọmọlúàbí ló ń gbé ìlú ró, kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́. Bí ìṣirò bá tilẹ̀ pọn dandan, kí ló dé tí àjèjì yóò fi ṣe olùkọ́? Ààfin ní kó mú àwọn ọmọ Ṣáínà tó lè kọ́ni wá. Ó ní òun kò ní ẹnì kankan.

Ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Li Shanlan, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ṣáínà, dé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìparí àwọn ọdún 1860, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1882. Òun àti Alexander Wylie, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti túmọ̀ ìwé áljẹ́brà àti kálíkúlọ́ọ̀sì ní Shanghai, èyí tó jáde ní 1859. Nínú wọn, àwọn àmì ìkọ̀wé Ṣáínà 甲, 乙 àti 丙 ló dúró fún a, b àti c. Ọ̀run (天), ilẹ̀ (地) àti ènìyàn (人) dúró fún x, y àti z, orúkọ tí Zhu Shijie, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́ ní Ṣáínà, ti lò nínú ìwé áljẹ́brà tirẹ̀ ní 1303. Wọ́n fi ⊥ rọ́pò àmì àròpọ̀, bóyá nítorí pé + jọ ẹ̀wá (十) jù. Nínú ìdá, nọ́ńbà tí òyìnbó ń kọ sísàlẹ̀ ni wọ́n gbé sókè. Irú ìkọ̀wé yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Láti 1905 sí òní

Ní 1905, ìjọba fòpin sí ìdánwò iṣẹ́ ọba, èyí tí wọ́n fi ń yan ìjòyè nípa ìmọ̀ ìwé Confucius. Ní 1912, Cai Yuanpei, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, yọ kíka ìwé Confucius kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1919, Chen Duxiu, olóòtú ìwé ìròyìn tó ń jà fún àtúnṣe, kéde “Ọ̀gbẹ́ni Sáyẹ́ǹsì” àti “Ọ̀gbẹ́ni Dẹmokírésì” gẹ́gẹ́ bí olùgbàlà ilẹ̀ náà.

Ní 2014, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé ìlànà jáde pé kí ẹ̀kọ́ àṣà ìbílẹ̀ túbọ̀ gbilẹ̀. Láti 2017 ni àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nínú ìwé ìṣirò, Gougu ni wọ́n ń pe òfin Pythagoras, pẹ̀lú àwòrán tí Zhao Shuang, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Ṣáínà, fi ṣàlàyé rẹ̀ láyé àtijọ́. Onígun mẹ́ta ti Pascal, àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ ọmọ Faransé pè, sì di ti Yang Hui, onímọ̀ ìṣirò Ṣáínà ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí: Yang Hui fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ Jia Xian, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkànlá, ni òun ti rí i, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà àti ti Lárúbáwá náà sì mọ̀ ọ́n ṣáájú Pascal.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà kékeré yàtọ̀, nítorí àṣà tí ìwé ìjọba ń gbé lárugẹ kì í sábà jẹ́ tiwọn. Ní 2020, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yà Mongol ní Inner Mongolia, ẹkùn kan ní àríwá Ṣáínà, máa fi èdè Ṣáínà kọ́ lítíréṣọ̀, ìṣèlú àti ìtàn, ọ̀pọ̀ òbí kọ̀ láti jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí kíláàsì.