Ṣé dáńfó ń lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni?

Láti ọdún 2017 tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode ti kéde pé dáńfó máa kúrò lójú títì Èkó, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó tún rú jáde. Àwọn ìbéèrè yín nìyí.

Ṣé wọ́n ti ń kó dáńfó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lóòótọ́?
Rárá. Ẹ dé Ọ̀ṣòdì láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó rí i.

Bí wọ́n bá wá lé e kúrò ńkọ́?
Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa gbà lọ, àfi tí ẹnì kan bá dìídì dá ọ̀kan dúró. Bí mọ́lúè ṣe lọ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì àti férémù abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni wọ́n rà, àwọn wẹ́dà tiwa ló kan bọ́dì lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n kílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tà.

Ṣé tíráàmù, rélùwéè kékeré tó ń gba àárín ìlú, ti rìn l'Ékòó rí?
Ó ti rìn. Ní 1902, ó ń gba orí Afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù. Kò lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi dẹ́kun èrò kíkó. Irú rẹ̀ kan tún wà tó ń kó ìgbẹ́ ìlú lọ dà sínú ọ̀sà. Ẹni tó wọ dáńfó lónìí tó ń ṣàròyé òórùn, kó rọra.

Ṣé kò sí ibi tí wọ́n kó nǹkan pamọ́ sí ni?
Ó wà. Jaekel House, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Àwòrán àti ohun èlò iṣẹ́ rélùwéè ló wà níbẹ̀. Ẹ pè kí ẹ tó lọ.

Tí wọ́n bá gbé mọ́lúè kan síbẹ̀, ṣé kò tó?
Kò tó. London gbé bọ́ọ̀sì tirẹ̀ sínú ọjà òdòdó àtijọ́ ní Covent Garden ní 1980, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè jẹ́ bọ́ọ̀sì London. Kì í ṣe mọ́lúè. Ibo ni "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o" wà? Ibo ni "ó wà o!" tí èrò fi ń dá dẹ́rẹ́bà dúró wà? Bọ́lẹ̀kájà gan-an, ọkọ̀ èrò onípákó ayé àtijọ́, orúkọ rẹ̀, "bọ́ọ́lẹ̀ ká jà", ìjà ló fi gbà á. Ẹ gbé pákó àti bẹ́ǹṣì rẹ̀ kalẹ̀ láìsí ìjà, ilé adìyẹ lọmọ kékeré máa pè é. Kí wọ́n má sì kùn ún dán jù. Ihò ilẹ̀ mọ́lúè tí a fi ń wo títì, irin ìjókòó tó ń ya aṣọ, ìyẹn náà jẹ́ ara ìtàn, àwọn tó sì farapa nínú rẹ̀ ò tíì gbàgbé.

Mo ní dáńfó àtijọ́. Ṣé kí n máa retí owó gọbọi?
Ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ.

Kí la wá lè ṣe?
Ẹ yẹ àpótí àwọn àgbà wò. Tíkẹ́ẹ̀tì LMTS (Lagos Municipal Transport Service), bọ́ọ̀sì tí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Zarpas ní 1958, lè wà níbẹ̀. Bí bàbá yín bá sì ṣe kọ́ńdọ́ rí, ẹ tan fóònù sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n pe ibùdókọ̀ láti Ìyánà Ìpájà dé Ọ̀ṣòdì. Wọn ò ní fo ọ̀kan. Wọ́n tún máa rántí ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ láìsanwó.