Bèbè ìtẹ̀dó: ẹ yéé pe ibi tí ìdílé Boone gbé ní ààlà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn Amẹ́ríkà ní Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe frontier, ìyẹn ibi tí ìtẹ̀dó àwọn aláwọ̀ funfun dé, tó sì ń sún síwájú, ní ààlà. Ààlà kì í rìn. Ẹni méjì ló ń ní ààlà: tèmi ní ìhín, tìrẹ ní ọ̀hún, a gbin pèrègún sáàárín, ẹni tó bá hú u ti fa ẹjọ́. Àwọn tó ń pè é ní bodè ló tún burú jù, bíi pé oníbodè kan jókòó síbẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò. Àwọn tó kàn kọ "fúrọ́ńtíà", tí wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, tí wọ́n ṣe bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́, mi ò bá tiwọn wí.

Bèbè ìtẹ̀dó ni mo ń pè é. Ohun tó parí síbẹ̀ ni ilé àti oko àwọn tó wá tẹ̀dó. Ẹnìkan ní odò nìkan ló ní bèbè. Ṣé kò gbọ́ ọ rí pé èèyàn wà ní bèbè ikú ni? Àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba Amẹ́ríkà gan-an gbè mí lẹ́yìn: lójú wọn, ibi tí èèyàn kò bá ti tó méjì lórí ilẹ̀ máìlì kan níbùú lóòró, ìtẹ̀dó kò tíì débẹ̀. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 1890 ni wọ́n kéde pé àwọn kò rí ìlà bèbè náà fà mọ́. Ta ló ń fi iye èèyàn wá ààlà?

Ẹ wo iná tí wọ́n ti bọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níwájú rẹ̀, ọ̀yà àti ìgalà ń sá. Lẹ́yìn rẹ̀, eérú ni, ibẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò sì kọ ebè sí tó bá yá. Ibi tó ń jó láàárọ̀ ti di ẹ̀yìn iná kó tó dìrọ̀lẹ́. Ojú iná yẹn ni bèbè ìtẹ̀dó.

Ẹ wá wo bí ìdílé Boone ṣe ń bá bèbè náà rìn. Pennsylvania ni wọ́n bí Daniel Boone, ọdẹ àti atẹ̀dó, sí ní 1734, inú ìdílé ọmọ ìjọ Quaker. Ní nǹkan bí 1750, wọ́n ti ṣí lọ sí àfonífojì odò Yadkin ní North Carolina, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Rebecca Bryan ní 1756. Ọmọ mẹ́wàá ni Rebecca bí. Ọkọ a wọ igbó ọdẹ, a pẹ́ lóṣù mélòó kan kó tó yọjú. Obìnrin yìí ló ń dáko tó ń bọ́ ilé. Ní 1773 wọ́n dirù, ó di Kentucky. Wọn kò tíì débẹ̀ tí wọ́n fi pa James, àkọ́bí wọn, lọ́nà, ni wọ́n bá ṣẹ́rí padà. Ní 1775, Boone kó àwọn aláàáké bí ọgbọ̀n, wọ́n la ọ̀nà gba Cumberland Gap, àlàfo kan láàárín òkè, kọjá, wọ́n sì kọ́ odi Boonesborough ní Kentucky.

Ní oṣù keje 1776, Jemima ọmọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì mìíràn wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Kentucky, ni àwọn ọkùnrin Shawnee àti Cherokee, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà méjì, bá gbé wọn lọ. Àwọn ọmọ náà ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi, wọ́n ń fa aṣọ wọn ya sílẹ̀ lójú ọ̀nà, Boone sì bá wọn lọ́jọ́ kẹta, ó gbà wọ́n padà. Ọdún 1778 ni àwọn Shawnee mú Boone fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa sá bọ̀, Rebecca ti gbà pé ọkọ òun kú, ó ti kó àwọn ọmọ padà sí North Carolina, àfi Jemima tó ti relé ọkọ. Israel ọmọ wọn kú sójú ogun Blue Licks ní 1782.

Àwọn mìíràn ní ká pè é ní aginjù. Aginjù ta ni? Ní ìparí 1769, àwọn Shawnee ká Boone mọ́ inú igbó Kentucky, wọ́n gba gbogbo awọ tó ti kó jọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀, ẹran ibẹ̀ tiwọn ni. Ilẹ̀ tó ní ẹni tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọdẹ kì í ṣe aginjù. Cherokee ni Richard Henderson, ọ̀gá tó rán Boone la ọ̀nà, bá ṣe ìwé ilẹ̀ Kentucky ní 1775. Shawnee kò sí níbẹ̀, Virginia pàápàá, tó ń sọ pé òun ló ni Kentucky, fagi lé ìwé ọ̀hún ní 1778.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe Boone ní atẹ̀dó, tí mi ò jẹ́ pè é ní àtìpó. Àtìpó mọ onílẹ̀, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín atẹ̀dó tó níwèé àti èyí tí kò ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, torí Boone níwèé rẹpẹtẹ ní Kentucky, ẹjọ́ sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1799, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Missouri, abẹ́ Spéènì nígbà náà. Spéènì fún un nílẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ra gbogbo agbègbè náà ní 1803, ìyẹn tún bọ́. Ọdún 1814, ọdún kan lẹ́yìn ikú Rebecca, ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó dá díẹ̀ padà fún un, ó sì ta èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ láti fi san gbèsè tó jẹ ní Kentucky.