Ta ló ń yí ìparí ìtàn Agatha Christie padà?

Ẹni tó bá ti ka ìwé Agatha Christie kó tó wo fíìmù rẹ̀ sábà máa ń ráhùn: "Kì í ṣe bó ṣe parí nínú ìwé nìyí!" Àwọn onífíìmù ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rù. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo máa tú àṣírí ìwé kan, "And Then There Were None", níwájú. Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó fo ìbéèrè kẹta.

Ta tiẹ̀ ni obìnrin yìí?

Torquay, ìlú etíkun kan ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1890. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló ti mọ tinú tẹ̀yìn májèlé, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí wọ́n ṣe lè fi pa ènìyàn nínú ìtàn. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, "The Mysterious Affair at Styles", jáde ní 1920 lẹ́yìn tí àwọn atẹ̀wé mélòó kan ti kọ̀ ọ́. Pọ́n-ùn 25 péré ló rí nídìí rẹ̀. Hercule Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Belgium tó ń fi irun orí ètè rẹ̀ yangàn, ti wà nínú ìwé yẹn. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kọ láyé rẹ̀ jẹ́ 66. Oṣù Kìíní ọdún 1976 ló kú.

Ṣé òótọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ sọnù nígbà kan?

Òótọ́ ni. Ọdún 1926 kò dẹrùn fún un rárá: ìyá rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀, Archie, sì sọ fún un pé òun fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí obìnrin mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ó wa ọkọ̀ jáde nílé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ náà ní Newlands Corner, lẹ́bàá Guildford, kóòtù onírun rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun alára ò sí níbẹ̀. Ariwo ta. Ọlọ́pàá àti àwọn aráàlú tú igbó kiri, wọ́n tiẹ̀ fi bàálù wá a. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ abókùúlò.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate, lápá àríwá, ló wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Àwọn olórin tó ń ṣeré níbẹ̀ ló dá a mọ̀, ọjọ́ 14 ni ọkọ rẹ̀ sì débẹ̀. Ẹbí rẹ̀ ní iyè rẹ̀ ló rá. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Wọ́n ṣe fíìmù kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1979, "Agatha", ṣùgbọ́n àròsọ lásán ni àlàyé tó ṣe. Lójú tèmi, orúkọ tó kọ sínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì náà ló yẹ kéèyàn wò dáadáa: Neele ló pe ara rẹ̀, orúkọ ìdílé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gan-an. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1928. Ní 1930 ó fẹ́ Max Mallowan, awalẹ̀pìtàn kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì ń bá a lọ síbi iṣẹ́ ní Iraq àti Syria.

Kí ló dé tí ìparí "And Then There Were None" fi yàtọ̀ nínú fíìmù?

Ìwé tí mo ní mo máa tú àṣírí rẹ̀ nìyí. Ọdún 1939 ló jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àkọlé tó lo ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú. Àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà pa àkọlé yẹn tì ní 1940, ṣùgbọ́n ó di àárín àwọn ọdún 1980 kí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ni ẹnì kan fi ọgbọ́n tàn lọ sí erékùṣù kan, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí orin ọmọdé kan ṣe wí. Nínú ìwé, gbogbo wọn ló kú. Ọlọ́pàá dé, wọn ò mú un já, àfi ìgbà tí wọ́n rí ìwé tí apànìyàn kọ, tó kì sínú ìgò, tó sì jù sínú òkun.

Ní 1943, wọ́n fẹ́ gbé e sórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí gbogbo ènìyàn bá kú, ta ló máa dúró lórí ìtàgé láti ṣàlàyé fún òǹwòran? Ogun ṣì ń jà nígbà náà, bọ́ǹbù sì ti ṣọṣẹ́ nílùú. Ta ló fẹ́ sanwó wo ikú àkúrun? Christie fúnra rẹ̀ ló wá ojútùú, ibi tó sì ti rí i nìyí: orin ọmọdé yẹn ní ìparí méjì. Nínú ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn pokùn so; nínú ìkejì, ó gbéyàwó. Ó mú ìkejì. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan di aláìmọwọ́mẹsẹ̀, wọn ò kú, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́.

Fíìmù René Clair ti 1945 tẹ̀ lé eré yẹn. Ti 1965, ti 1974 tí wọ́n gbé lọ sí òtẹ́ẹ̀lì inú aṣálẹ̀ ní Iran, àti ti 1989 náà ò yà kúrò níbẹ̀. Ìwé gan-an ni Stanislav Govorukhin tẹ̀ lé ní Soviet ní 1987, tí gbogbo wọn fi kú. BBC náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015. Nítorí náà, ẹni tó ń bú Hollywood, ẹ bá mi sọ fún un pé ìyá tó bí ìtàn ló kọ́kọ́ yí i.

Ṣé ìyẹn nìkan ni?

Rárá. Ìtàn kúkúrú ọdún 1925 ni "The Witness for the Prosecution". Nígbà tó sọ ọ́ di eré ní 1953, ó fi ìyípadà kan sí ìparí. Àwọn tó yí i ká kò fẹ́ ẹ, ó ní láìsí i, eré náà ò ní wáyé. Ìparí yẹn ni Billy Wilder lò nínú fíìmù rẹ̀ ní 1957, òun ló sì dára jù nínú gbogbo fíìmù tí wọ́n ṣe látinú iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá bi mí. Nínú eré "The Hollow", ó tiẹ̀ yọ Poirot kúrò pátápátá.

Kí ló wá ń bí i nínú sí àwọn onífíìmù?

Láàárín 1961 sí 1964, ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM ṣe fíìmù mẹ́rin lórí Miss Marple, ìyá àgbà tó máa ń tú àṣírí ìpànìyàn nínú àwọn ìwé Christie. Òṣèré Margaret Rutherford ló ṣe ẹ̀dá-ìtàn náà. Ìwé Poirot ni méjì nínú wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ, wọ́n fi Marple dípò. Ẹ̀kẹrin, "Murder Ahoy", kò tiẹ̀ sí nínú ìwé rẹ̀ kankan, ìyẹn ló dùn ún jù. Síbẹ̀, Christie kò bá Rutherford jà: ó tiẹ̀ fi ìwé kan tó jáde ní 1962 júbà fún un.

Poirot wo ló jọ ti inú ìwé jù?

David Suchet ni, kò sí àníàní. Láti 1989 sí 2013 ló fi ṣe é fún ITV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá 70. Christie gbóríyìn fún fíìmù "Murder on the Orient Express" ti 1974, àmọ́ ó ní irun orí ètè Albert Finney, tó ṣe Poirot níbẹ̀, kò tó nǹkan. Kenneth Branagh, tó ṣe Poirot nínú fíìmù tuntun ti ìtàn kan náà, gbọ́ ẹjọ́ yẹn dáadáa ní 2017. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú.

Kí ló dé tí "The Mousetrap" kò tíì di fíìmù?

Ọdún 1952 ni eré yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àdéhùn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe fíìmù títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí eré náà bá kógbá wọlé ní West End, àdúgbò tíátà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì tíì kógbá wọlé. Mathew, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ó fún ní ẹ̀tọ́ owó eré náà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ wo irú ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí! Bí eré bá sì ti parí, òṣèré kan a bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má sọ ẹni tó pànìyàn fún ará ìta. Ẹ má ṣe bi èmi náà.