Ìtọ́jú tí ọkàn aláìsàn balẹ̀ sí: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ aboyún wò ní Àgbádárìgì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn máa ń jókòó sí: obìnrin Ògù láti Àjárà, Àwórì, ìyàwó apẹja Ìlàjẹ láti etí òkun, Haúsá, Ìgbò, àti oníṣòwò tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọnu, tí Faransé ti mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Yorùbá ni nọ́ọ̀sì á fi pè wọ́n. Ẹni tí kò bá tètè dáhùn, wọ́n á ní alágídí ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ni kò yé e.

Orílẹ̀-èdè New Zealand ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ìtọ́jú tí ọkàn aláìsàn balẹ̀ sí, tí kò tẹ àṣà rẹ̀ mọ́lẹ̀ (“cultural safety” ni wọ́n ń pè é), di ẹ̀kọ́ fún nọ́ọ̀sì. Olóògbé Irihapeti Ramsden, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Māori, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ló ṣáájú iṣẹ́ yìí. Ní 1992, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sọ ọ́ di dandan nínú ẹ̀kọ́ wọn. Wọn kò ní kí nọ́ọ̀sì há àṣà gbogbo ẹ̀yà sórí. Ta ló fẹ́ há a tán? Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò: ilé tó ti jáde, ohun tó gbà gbọ́, ẹ̀yà tó ti ń fojú tín-ín-rín láìfura, àti agbára tó wà lọ́wọ́ ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú níwájú ẹni tó dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n tọ́jú ló máa sọ bóyá wọ́n tọ́jú òun dáadáa. Nọ́ọ̀sì kò lè fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò lè ṣàjèjì sí Yorùbá kankan. Whenua ni àwọn Māori ń pe ilẹ̀, whenua náà ni wọ́n ń pe ibi ọmọ, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń rì í mọ́. Ìgbà kan wà tí ilé ìwòsàn ń kó o dànù bí ìdọ̀tí. Lọ́dọ̀ wa náà, ibi tí wọ́n rì ìwọ́ ẹni mọ́ ni a ń pè ní ilé. Nítorí náà, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bi aboyún bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe ibi ọmọ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Bí ẹbí bá fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tí kò jò, kí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ajá má baà hú u, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Orúkọ ńkọ́? “Ẹ̀gùn” ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe àwọn Ògù; Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Kí wọ́n bi obìnrin Ògù tó ń jẹ́ Sẹnami bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sórí káàdì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ti ògbufọ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ kò yẹ kó jẹ́ ògbufọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bi aya rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú nílé. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Gùngbè, èdè àwọn Ògù, tó sì mọ̀ pé àṣírí ni ohun tí etí òun gbọ́, ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 pàápàá sọ pé ẹ̀tọ́ aláìsàn ni kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní èdè tó yé e. “Ṣé ó yé yín?” kò sì tó, torí ọ̀wọ̀ á mú kí ó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ bí ẹ ṣe máa lo oògùn yìí fún mi” ló ń fi òye hàn.

Ariwo tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pa mọ́ aláìsàn lórí agbo ń ṣe ìpalára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti fi agbo bú lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ mọ́. Bí ó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, tí agbo àti oògùn dókítà jọ ń fa ṣúgà wálẹ̀, ó lè dákú. Kí wọ́n béèrè pẹ̀lẹ́ ohun tó ti lò nílé. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n gba gbogbo nǹkan láyè: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nílé àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá. Àjọ ìṣègùn ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó máa ń forúkọ àgbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì lè mọ̀ wọ́n. Bí nọ́ọ̀sì kò bá tíì kẹ́gàn àgbẹ̀bí náà rí, àgbẹ̀bí náà fúnra rẹ̀ ló máa gbé aboyún náà wá.

Ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì rọrùn díẹ̀: kí dókítà béèrè ṣáájú, kí ó wo oògùn tó ṣeé sún sí sààrì àti ìṣínu, kí ó sì sọ òótọ́ fún ẹni tí ààwẹ̀ lè pa lára.

Láti 2016, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí aboyún rí olùtọ́jú kí ó tó bímọ. Nítorí náà, ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò rí mọ́ ni kí wọ́n wá lọ sílé. Kí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ lọ, kí ó jókòó, kí ó bi í ohun tí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ gan-an.