Níbo Ni Famadihana Ti Ṣẹ̀ Wá?

Àwọn Merina àti Betsileo, àwọn ará òkè àárín gbùngbùn Madagásíkà, kì í sin òkú lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Àṣà wọn tó ń jẹ́ famadihana nìyí. Bí ọdún 5 tàbí 7 bá kọjá, tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí mpanandro, babaláwo tiwọn, ti yan ọjọ́, wọn á ṣí ibojì òkúta ìdílé. Wọn á gbé egungun àwọn baba ńlá jáde, wọn á fi aṣọ tuntun, lambamena, wé wọn, wọn á gbé wọn léjìká, wọn á sì máa jó. Kì í ṣe egúngún aláṣọ o. Òkú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé jó.

Èmi ò ní fi bò: Borneo, erékùṣù ńlá ní Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà, ni mo gbà pé àṣà yìí ti wá. Èdè tó sún mọ́ ti Madagásíkà jù lọ ni ti àwọn Ma'anyan, lẹ́bàá odò Barito ní gúúsù Borneo. Otto Dahl, onímọ̀ èdè ọmọ Norway, ti là á yé wa láti 1951. Àwọn Ma'anyan yìí kan náà ló ń sin òkú lẹ́ẹ̀mejì: wọn á hú egungun, wọn á sun ún níbi ìnáwó ńlá. Àwọn Ngaju aládùúgbò wọn náà ní tiwọn, tiwah. Ẹ rò ó wò. Àwọn tó wakọ̀ sọdá Òkun Íńdíà lóhun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kó ìrẹsì, wọ́n gbé èdè wọn dání. Ṣé ìtọ́jú òkú ni wọn á wá gbàgbé sílé? Bóyá egungun àgbà kan tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Lójú tèmi, iná nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àwọn òpìtàn kan ní ohun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni: pé ibà pa àwọn ọmọ ogun Radama Kìíní, ọba Merina, létí òkun, ẹbí sì ń kó egungun wọn wálé. Lóòótọ́ ni wọ́n kó o. Àmọ́ ta ní ń ru egungun gòkè bí kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní rírù?

Ẹní tí wọ́n fi gbé òkú kì í ṣòfò. Obìnrin tó ń wá ọmọ á ya díẹ̀ lára rẹ̀, á tẹ́ ẹ sábẹ́ ibùsùn.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Ní 1897, Gallieni, gómìnà Faransé ní Madagásíkà, kó egungun àwọn ọba Merina kúrò ní Ambohimanga lọ sí Antananarivo. Kátólíìkì gba àṣà náà láyè, ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì kọ̀ ọ́. Ní 2017, nígbà tí àrùn tí eku ń kó ranni bẹ́ sílẹ̀, ìjọba kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣí ibojì àwọn tí àrùn náà pa.