Àyípadà díẹ̀díẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan náà: èwo ló yẹ iléeṣẹ́?

Nínú àyípadà díẹ̀díẹ̀, ètò tó wà nílẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, ibi tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Nínú àyípadà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò ọ̀hún gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀: ẹni tó ń pàṣẹ, ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà, ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn ń lò.

Kaizen ni àwọn ará Jàpáànù ń pe ti díẹ̀díẹ̀. Ní Toyota, òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tò á fa okùn tàbí kó tẹ bọ́tìnnì, olórí ikọ̀ rẹ̀ á sì dé kíá. Bí wọn ò bá tètè yanjú rẹ̀, ìlà iṣẹ́ á dúró. Ọ̀nà tuntun tó bá dára jù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ kó di ìlànà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn: wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti lọ, àtúnṣe náà bá a lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé pín. Nígbà tí Swídìn fẹ́ kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, kò sí bí àwọn kan ṣe lè kọ́kọ́ bọ́ sápá ọ̀tún. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, nígbà tí aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì dúró, wọ́n rọra kọjá sápá kejì, wọ́n sì dúró títí aago márùn-ún fi lù. Ṣùgbọ́n láti 1963 ni ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi múra.

Báǹkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún oníbàárà sórí ẹ̀rọ tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lóṣù kẹrin 2018. Ẹ̀rọ náà ò tíì ṣe tán, ọ̀pọ̀ ò rí àkáǹtì wọn ṣí. Ní 2022, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báǹkì náà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé àtijọ́ àti tuntun lè jọ ṣiṣẹ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka kan, kí ẹ sì ti ka iye àṣìṣe àtijọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi iṣẹ́ tó pọ̀ tó ti ojoojúmọ́ gan-an dán ti tuntun wò kí ẹ tó pààrọ̀. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ó padà sí ti àtijọ́ bí nǹkan bá dojú rú sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò pa àṣẹ náà, torí bó bá di òru, tó ti rẹ gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kí wọ́n padà.