Sikáànù aboyún kì í ya fọ́tò, gbohùngbohùn ni

Ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ "fọ́tò inú" fún sikáànù tí wọ́n ń fi wo aboyún. Ẹ̀rọ yẹn kò ya fọ́tò kankan. Àwọn tó sọ ọ́ di "ìró gíga" ló tilẹ̀ bà á jẹ́ jù: ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rò pé ariwo ni wọ́n fẹ́ pa sí òun nínú? Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan.

"Àyẹ̀wò gbohùngbohùn" lèmi ń pè é. Wọ́n ní gbohùngbohùn ti di ẹ̀rọ tí oníwàásù ń gbé kiri ìgboro. Ṣé torí pé oníwàásù yá ọ̀rọ̀ lò, òkè kò wá ní í mọ́ ni? Ọmọ tó bá kígbe "òòò!" lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè, òkè á dá a lóhùn. Bó bá sún mọ́ òkè, èsì á tètè dé. Bó bá jìnnà, á pẹ́. Ẹ̀rọ ń kígbe wọ ikùn, ó ń ka bí èsì ṣe pẹ́ tó, ó sì ń fi ìyẹn yàwòrán. Rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì, èyí ń gbèsì. (Jẹ́ẹ̀lì tútù yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń lé kúrò lójú ọ̀nà.)

Fọ́tò ń jẹ́ kéèyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń mú un kígbe ńkọ́? Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn mí, ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí kan náà yẹ̀ mí wò bèèrè bóyá mo ti mu omi. Ó ní, "Ẹ mí kanlẹ̀, bàbá, kí ẹ dá a dúró," kí kíndìnrín lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun ìhà. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi: òkúta kékeré kan nínú kíndìnrín, funfun báláú, òjìji dúdú lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, yàrá kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ omi. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ̀ mí wò lọ́tẹ̀ yìí fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó fi nǹkan ọwọ́ rẹ̀ ra mí lára lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Bàbá, ẹ dìde." Kò fún mi ní tíṣù, síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi nu jẹ́ẹ̀lì. Ìwé rẹ̀ ní kò sí òkúta.

Dókítà tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú. "Bàbá, àbí ẹ ti tọ̀ ọ́ jáde ni?"

Ó dá mi padà sí yàrá yẹn. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló wà níbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Òkúta kò kúrò níbi tó wà.